Ẹbí Tí Ó Ni Ilẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀rọ̀ Elésì Odògbolú

Ẹni tí ó bá ń ka ìwé lórí òfin ilẹ̀ ní Nàìjíríà kò ní pẹ́ pàdé ọ̀rọ̀ kan tí a máa ń sọ pé Elésì Odògbolú ni ó sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì gbé kalẹ̀ ní ọdún 1912 láti wádìí ètò ilẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Ọ̀rọ̀ náà kò gùn. Elésì ní lójú òun, ilẹ̀ jẹ́ ti ẹbí ńlá kan. Púpọ̀ nínú ẹbí náà ni ó ti kú, díẹ̀ ni ó wà láàyè, àwọn tí a kò tíì bí nínú wọn kò sì lóǹkà. Àwọn amòfin ti lo ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di òwe lẹ́nu wọn. Àwa olùkọ́ Yorùbá náà ń lò ó nígbà tí a bá ń kọ́ni ní àṣà ogún jíjẹ. Ṣùgbọ́n pẹ̀lú bí a ti ń tọ́ka sí i tó, ó ṣọ̀wọ́n kí a rí ẹni tí yóò jókòó tì í, tí yóò kà á bí a ti ń ka ewì tàbí ìtàn, kí ó wádìí ohun tí ó sọ, ohun tí kò sọ, àti ẹni tí ó ń bá wí.

Iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe níhìn-ín nìyẹn, kì í sì í ṣe nítorí ẹwà èdè nìkan. Ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún tí àwọn ẹbí tí ń dáko àti àwọn ilé iṣẹ́ ìjọba tí ń bójú tó ilẹ̀ ti ń bá ara wọn ṣe ẹjọ́. A máa ń kọ́ àwọn ọmọ pé ẹni tí ó ni ilẹ̀ ni ìjà náà dá lé. Èrò tiwa ni pé iye ènìyàn tí ó wà nínú ẹbí gan-an ni àwọn méjèèjì kò fohùn ṣọ̀kan lé lórí. Ìpín mẹ́ta ni Elésì kà: òkú, alààyè, àti ọmọ tí a kò tíì bí. Nígbà tí ó bá di ọjọ́ owó, ìpín kan péré ni ìjọba ń kà.

Ìṣòro àkọ́kọ́ ni ti èdè. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo wa mọ ọ̀rọ̀ náà sí, a kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé bí ó ti wà níbẹ̀ gan-an ni ó ti ẹnu olóyè náà jáde. Ohun tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo pè, ó kéré tán Yorùbá ní mẹ́ta fún un: ìdílé, agbo ilé, ẹbí. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kì í ṣe ọ̀kan náà. Ní Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tí ó bá a tan, agbo ilé ni ilẹ̀ wà fún, ọ̀dọ̀ bàbá ni a sì ti ń jogún rẹ̀. Ní Ìjẹ̀bú kò rí bẹ́ẹ̀. P. C. Lloyd, nínú ìwé rẹ̀ lórí òfin ilẹ̀ Yorùbá tí ó jáde ní ọdún 1962, fi hàn pé ní Ìjẹ̀bú àti ní Oǹdó, ènìyàn lè ti ọ̀dọ̀ bàbá tàbí ti ọ̀dọ̀ ìyá wọ inú ẹbí tí ó ni ilẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo lè tipa bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀tọ́ nínú ilẹ̀ ẹbí ju ẹyọ kan lọ, àwọn ọmọ tirẹ̀ yóò sì tún jogún ti ìyá wọn mọ́ ọn. Olóyè Ìjẹ̀bú ni ó sọ̀rọ̀ yìí. Nítorí náà akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá pe "kò lóǹkà" ní àsọdùn nínú ìwé ìdánwò rẹ̀ kò tíì ronú nípa bí wọ́n ti ń ka ẹbí ní ìlú tí ọ̀rọ̀ náà ti wá. Ìṣirò ni olóyè náà ń ṣe.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ó ti to àwọn ènìyàn rẹ̀. Nínú ọ̀rọ̀ ojoojúmọ́, alààyè ni a sábà máa ń dárúkọ ṣáájú òkú. Elésì fi òkú ṣáájú, ó fi ọmọ tí a kò tíì bí kádìí rẹ̀, ó sì fi alààyè sí àárín bí ẹni tí ó há sáàárín èrò méjì tí ó pọ̀ jù ú lọ. "Púpọ̀" ni ti ìpín kìíní, "àìlóǹkà" ni ti ìpín kẹta. "Díẹ̀" ni ó bọ́ sí ọwọ́ àwọn tí ń mí. Ẹni tí ń sọ̀rọ̀ náà sì wà nínú díẹ̀ yìí. Ó ti fi ara rẹ̀ sí apá tí ó kéré jù nínú ẹbí kí ìgbìmọ̀ tó bi í léèrè bóyá ó lè yọ̀ǹda ilẹ̀. Bí wọ́n bá bi í, ìdáhùn ti wà nílẹ̀: àwọn tí ó lè sọ pé bẹ́ẹ̀ ni kò pọ̀ tó.

Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mìíràn a máa pe ọ̀rọ̀ yìí ní àfiwé ẹlẹ́lọ̀ọ́. Àwọn kan ń pè é ní ìfohunpènìyàn, èyí tí ó tilẹ̀ burú jù, nítorí pé ènìyàn ni òkú ti jẹ́ tẹ́lẹ̀. Lójú tiwa, kò sí ọnà èdè kankan níbẹ̀ tí a lè fi orúkọ ńlá pè. Bí ọ̀rọ̀ náà ti rí ni ó sọ ọ́. Inú ilé tí ènìyàn kọ́ ni wọ́n máa ń sin ín sí láyé àtijọ́, ojú oórì rẹ̀ a sì wà níbi tí àwọn ọmọ ti lè bá a sọ̀rọ̀. Ọmọ tí a bí lẹ́yìn ikú bàbá ńlá rẹ̀ lè jẹ́ Babátúndé. Níbi tí a ti ń ka ènìyàn báyìí, kíka òkú mọ́ àwọn tí ó ni ilẹ̀ kò yàtọ̀ sí kíka àbúrò tí ó lọ sí ìdálẹ̀. Èdè wa pàápàá ti ilẹ̀ bọ ọ̀rọ̀ àdéhùn: àwọn tí ó bá ara wọn mulẹ̀ ti di ìmùlẹ̀, ẹni tí ó bá sì yẹ àdéhùn ti di ọ̀dàlẹ̀. Ẹlẹ́rìí ni ilẹ̀ nínú àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí. A kò rí ibi tí ó ti jẹ́ ẹrù tí a lè gbé fún ẹlòmíràn.

Ó yẹ kí a tún wo ohun tí kò sí nínú ọ̀rọ̀ náà. Kò sí ọba níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí ìjọba, kò sí owó. Kò sí ààlà pẹ̀lú, èyí sì yẹ ní àkíyèsí, nítorí pé ààlà ni ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹjọ́ ilẹ̀ láàárín ẹbí àti ẹbí máa ń dá lé: pèrègún ni tàbí odò, igi ọ̀pẹ wo ni ó dúró fún ìkangun. Níwájú ìjọba, ààlà kì í ṣe kókó. Awọ̀nlẹ̀ ìjọba yóò ri òpó tirẹ̀ mọ́lẹ̀ láìbèèrè ibi tí pèrègún wà.

Ta ni Elésì ń bá wí? Ní ọdún 1910 ni ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe òfin kan ní Àríwá Nàìjíríà tí ó fi ilẹ̀ ibẹ̀ sí abẹ́ àṣẹ gómìnà. Ìbẹ̀rù pé irú rẹ̀ ń bọ̀ ní Gúúsù ni ó wà lọ́kàn àwọn ènìyàn nígbà tí ìgbìmọ̀ ọdún 1912 bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, àwọn aṣojú láti Èkó sì lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1913 lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ̀rí tí a jẹ́ nígbà tí ewu ń bọ̀ ni ọ̀rọ̀ Elésì, a sì gbọ́dọ̀ kà á pẹ̀lú ojú yẹn. Lámèyítọ́ tí ó bá gbà á gẹ́gẹ́ bí àwòrán ayé àtijọ́ tí kò ní àbùkù yóò ṣi ọ̀nà. Títa ilẹ̀ kì í ṣe ohun tuntun mọ́ ní Èkó ní ọdún 1912. Àgbẹ̀ tí ń san ìṣákọ́lẹ̀ kò sí nínú ẹbí ńlá náà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni ọkọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàwó ilé kò sí níbẹ̀ bí kò ṣe nípasẹ̀ ọmọ tí ó bí. Elésì kò dárúkọ àwọn wọ̀nyí, a kò sì retí pé kí ó dárúkọ wọn níwájú ẹni tí ń wá àlàfo tí yóò gbà wọlé. Gbogbo ẹni tí ó bá rojọ́ ilẹ̀ rí mọ ìdí rẹ̀.

Ní 1913 kan náà ni ọ̀rọ̀ ẹnu yìí bá ẹjọ́ gidi pàdé. Ìjọba lo òfin ọdún 1903 tí ó fún un ní agbára láti gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, ó fi gba ilẹ̀ kan ní Àpápá, tí kò tíì di ìgboro èbúté bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Amodu Tijani, Olúwa ti Èkó, ọ̀kan nínú àwọn Ìdẹ́jọ tí í ṣe olóyè onífìlà funfun, béèrè owó gbogbo ilẹ̀ náà. Àwọn adájọ́ ní Èkó kò gbà fún un. Wọ́n ní ẹ̀tọ́ olóyè kò ju pé kí ó máa darí ìlò ilẹ̀, kí ó sì máa gba ohun tí àwọn tí ń gbé orí rẹ̀ bá mú wá. Ìyẹn nìkan ni ìjọba yóò san owó fún. Olúwa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ní 1920 ó wọ ọkọ̀ òkun lọ sí Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé àti ògbufọ̀, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ Ẹlẹ́kọ Èṣùgbàyí. Ní oṣù Keje ọdún 1921, Viscount Haldane ka ìdájọ́ Prífì Káńsù tí ó dá Olúwa láre. Owó tí ìjọba san níkẹyìn jẹ́ £22,500.

Ẹ kíyè sí okùn tí ìjọba dẹ sílẹ̀ nínú ẹjọ́ yìí, nítorí pé okùn èdè ni. Bí a bá bi Olúwa pé, "Ṣé ìwọ ni o ni ilẹ̀?", tí ó bá ní òun ni, irọ́ ni, nítorí pé ti ẹbí àti ará ìlú ni. Bí ó bá ní òun kọ́, a jẹ́ pé kò sí ẹni tí ó ni ín nínú àwọn tí ó dúró síwájú adájọ́, ìjọba sì lè gbà á ní owó pọ́ọ́kú. Haldane já okùn náà. Ó ní ẹ̀tọ́ tí Dòsùnmú fi lé Gẹ̀ẹ́sì lọ́wọ́ ní 1861 kò gba ilẹ̀ kúrò lọ́wọ́ àwọn tí ó ń lò ó. Pé ẹ̀tọ́ ìlò tí ó wà lọ́wọ́ àwùjọ náà pé pérépéré, olóyè kàn ń dúró fún wọn ni. Àti pé bí ìjọba bá fẹ́ gba ilẹ̀, ẹ̀tọ́ gbogbo àwùjọ náà ni kí ó san owó fún.

Ohun tí ó gba àwọn adájọ́ ní ọdún mẹ́jọ, inú ọ̀rọ̀ wa kan ni ó wà tẹ́lẹ̀. Àwọn ògbufọ̀ máa ń túmọ̀ "onílẹ̀" sí ẹni tí ilẹ̀ jẹ́ ohun ìní rẹ̀, bí ẹni pé "oní" kò ní ìtumọ̀ mìíràn. Ṣùgbọ́n oníbodè kọ́ ni ó ni ibodè. Ẹni tí ń ṣọ́ ọ ni. Ọlọ́jà kọ́ ni ó ni ẹrù tí ó wà lọ́jà. Ẹni tí ọ̀rọ̀ ọjà já lé léjìká ni. Bí a bá gbé onílẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ àwọn méjì wọ̀nyí, a ó rí i pé iṣẹ́ ni ọ̀rọ̀ náà ń dárúkọ bí ó ti ń dárúkọ ẹ̀tọ́. Kò sí bí Olúwa ìbá ti ṣe fi èdè Gẹ̀ẹ́sì sọ èyí ní gbólóhùn kan. Ó ṣeé ṣe kí ọ̀pá àṣẹ tí ó wà lọ́wọ́ Macaulay ti ràn án lọ́wọ́ díẹ̀.

Ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù ní 1912 dé ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1978, nígbà tí ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ gbé Òfin Ìlò Ilẹ̀ jáde. Púpọ̀ nínú rẹ̀ ni a mú láti inú òfin ilẹ̀ Àríwá. Ìwé òfin ìpìlẹ̀ ọdún 1979 dáàbò bò ó, ti ọdún 1999 sì tún ṣe bẹ́ẹ̀, tó bẹ́ẹ̀ tí kò fi rọrùn láti yí i padà. Àwọn ará ìlú ní ìjọba ti gba gbogbo ilẹ̀. Ẹ̀rù ọ̀rọ̀ ni wọ́n sọ, wọn kò sì jìnnà sí òtítọ́, ṣùgbọ́n bí òfin náà ti wí kọ́ nìyẹn. Ohun tí ó sọ ni pé gómìnà ìpínlẹ̀ ni a fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ rẹ̀ sí lọ́wọ́, kí ó máa ṣọ́ ọ fún ìlò àti àǹfààní gbogbo ọmọ Nàìjíríà.

Ẹni tí ó bá ti ka ọ̀rọ̀ Elésì dáadáa yóò mọ àga tí gómìnà jókòó sí. Àga olórí ẹbí ni. Alágbàtọ́ ni òfin pè é, gẹ́gẹ́ bí Haldane ti sọ nípa Olúwa. Ohun tí ó yí padà ni ẹbí. Òfin fẹ̀ ẹ́ ní ìbú, ó sì gé e ní gígùn. Àgbẹ̀ Odògbolú di ìbátan ẹni tí ó wà ní Sókótó àti ẹni tí ó wà ní Kàlàbá lórí ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n bàbá ńlá rẹ̀ tí ó wà nínú ilẹ̀ ọ̀hún kò sí nínú ẹbí mọ́, a kò sì rí ibi tí a ti ka ọmọ ọmọ rẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé "gbogbo ọmọ Nàìjíríà" kan àwọn tí a kò tíì bí pẹ̀lú. Àwa náà ìbá fẹ́ gbà bẹ́ẹ̀. Abala òfin náà tí ó sọ̀rọ̀ lórí owó ni kò jẹ́ kí a gbà.

Kí a tó dé ibẹ̀, abala kan wà tí ó kan àwọn ará oko tààrà, a kò sì gbọ́dọ̀ fò ó. Òfin ní ẹni tí ó ti ń fi ilẹ̀ dáko ní ìgbèríko kí òfin tó dé lè máa lò ó lọ bí ẹni pé ìjọba ìbílẹ̀ ni ó fún un. Àwa tí ń kọ́ni ní ìtàn àròsọ mọ agbára "bí ẹni pé" dáadáa. Ó ń dá ayé kan sílẹ̀ tí kò sí rí, ó sì ń rọ àwọn ènìyàn pé kí wọ́n máa gbé inú rẹ̀. Bàbá tí ó jogún oko lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, tí kò gba bébà kankan lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí, ti di ẹni tí ìjọba ìbílẹ̀ ta lọ́rẹ, láìkúrò lórí ebè rẹ̀. Ohun tí a ta ẹni lọ́rẹ sì ṣeé gbà padà. Nínú gbogbo òfin náà, a kò rí gbólóhùn tí ó fi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ṣe iṣẹ́ tó èyí.

Ní ti owó, orúkọ tí Yorùbá sọ ọ́ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò: owó gbà-má-bínú. Orúkọ yìí ti jẹ́wọ́ pé a ṣẹ ẹnìkan. A kì í sọ fún ẹni tí a ra iṣu lọ́wọ́ rẹ̀ pé kí ó gbà, kí ó má bínú. Owó iṣu ni a ń san fún un. Ọ̀rọ̀ náà mọ̀ pé ohun tí ó lọ kò ní iye, pé ìbínú nìkan ni owó lè kàn. Òfin ní tirẹ̀ kò mọ ìbínú kankan. Bí gómìnà bá gba ilẹ̀ fún ìlò gbogbo ènìyàn, yóò san owó ilé tí ó wà lórí rẹ̀, lẹ́yìn tí a bá ti yọ ti gbígbó rẹ̀ kúrò. Yóò san owó igi àti irúgbìn, iye tí òṣìṣẹ́ ìjọba bá kà sí wọn. Ní ti ilẹ̀ fúnra rẹ̀, owó tí ẹni tí ń lò ó bá san fún ilẹ̀ náà ní ọdún tí a gbà á nìkan ni yóò dá padà, bí ó bá san nǹkan kan. Àgbẹ̀ tí kò san owó ilẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, nítorí pé ilẹ̀ bàbá rẹ̀ ni, kò ní nǹkan kan láti gbà lórí ilẹ̀.

Ẹ wá gbé èyí sí ẹ̀gbẹ́ ìpín mẹ́ta Elésì. Kòkó, obì, àti ilé olórùlé páànù jẹ́ iṣẹ́ ọwọ́ alààyè. A san owó wọn. Òkú ni ó ṣán igbó kìjikìji, tí ó sì pa oko náà mọ́ fún ìran rẹ̀. A kò san nǹkan kan fún un. Ọmọ tí a kò tíì bí ni ilẹ̀ tí kò sí nǹkan lórí rẹ̀, ilẹ̀ tí a fi sílẹ̀ kí ó sinmi, wà fún. Ìyẹn gan-an ni òfin kà sí asán. Apá tí ó kéré jù nínú ẹbí, apá tí Elésì pè ní díẹ̀, ni ó gba gbogbo owó. Bí wọ́n bá sì ní owó náà kò tó, ìgbìmọ̀ tí ìjọba fúnra rẹ̀ yàn ni wọn yóò lọ bá. Òfin ní ilé ẹjọ́ kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ó tó tàbí kò tó.

Ìjà mìíràn tún bí láti inú èyí. Nínú àṣà wa, ilẹ̀ lè jẹ́ ti ẹnìkan kí igi orí rẹ̀ jẹ́ ti ẹlòmíràn: àgbẹ̀ tí ó wá tọrọ ilẹ̀ ni ó ni kòkó tí ó gbìn, onílẹ̀ a sì máa gba ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún. Nígbà tí ìjọba bá dé pẹ̀lú owó irúgbìn, ọ̀dọ̀ àgbẹ̀ ni owó ń lọ, onílẹ̀ a sì wá di ẹni tí ń wo ìṣe. Àwọn àgbẹ̀ kan tilẹ̀ rò pé òfin ọdún 1978 ti sọ àwọn di onílẹ̀, pé ìṣákọ́lẹ̀ ti parí. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ dá wọn lóhùn ní 1991, nínú ẹjọ́ Abíóyè àti Yakubu, pé òfin náà kò pa ohun tí ó wà láàárín onílẹ̀ àti àtọ̀húnrìnwá rẹ́. Ìdájọ́ náà dára. Síbẹ̀ ó fi ẹ̀tọ́ onílẹ̀ múlẹ̀ sí àgbẹ̀ nìkan. Kò sọ bí a ó ti wọn ẹ̀tọ́ náà lórí òṣùwọ̀n ìjọba.

Kókó kan kù tí ó kan iṣẹ́ wa gẹ́gẹ́ bí olùkọ́ lítíréṣọ̀ alohùn. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ka ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ni ó ni ilẹ̀, ìtàn àtẹnudẹ́nu ni ó sì fi ṣáájú. Ẹni tí yóò pìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tí ó kọ́kọ́ tẹ ibẹ̀ dó, ọ̀nà tí ó gbà tẹ̀ ẹ́ dó, àti àwọn tí ilẹ̀ ti ọwọ́ wọn kọjá títí ó fi kan òun. Bí ìtàn méjì bá takora, ìlànà tí Prífì Káńsù fi lélẹ̀ ní 1957, nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie tí ó ti Gold Coast wá, ni pé kí adájọ́ má ṣe tẹ̀lé bí ẹlẹ́rìí ti sọ tirẹ̀ tó. Kí ó fi àwọn ohun tí ojú rí láìpẹ́ yìí wọn ìtàn méjèèjì. Àwọn apìtàn tí ó ní ẹnu dídùn kò ní fẹ́ràn èyí. Oríkì orílẹ̀ náà lè ṣe onílẹ̀ ní jàm̀bá: ó ń rántí ibi tí a ti wá, ẹni tí a sì ń bá ṣẹjọ́ lè fi í hàn pé àlejò ni wá níbi tí a wà.

Ṣùgbọ́n ẹbí ni gbogbo èyí wà fún láti fi bá ẹbí jà. Níwájú ìjọba, agbára ìtàn ti dínkù. Ní 1921 ìtàn Ìdẹ́jọ dúró níwájú Gẹ̀ẹ́sì, ó sì sọ irú ẹ̀tọ́ tí àwọn ará Èkó ní fún un. Lẹ́yìn 1978 ẹni tí yóò gba owó nìkan ni ìtàn lè fi hàn. Ó ti di ohun tí àwọn ọmọ bàbá kan náà fi ń bá ara wọn du ìwé sọ̀wédowó. Kí a má sì gbàgbé pé òfin fún gómìnà láyè láti fi owó àwùjọ lé olórí wọn lọ́wọ́. Ibi tí irú rẹ̀ máa ń yọrí sí kò ṣókùnkùn sí ẹnikẹ́ni. Orúkọ "ọmọ onílẹ̀", tí í ṣe orúkọ iyì nígbà kan, ti wá di orúkọ tí ẹni tí ń kọ́lé ń gbọ́ tí àyà rẹ̀ ń já, ìpínlẹ̀ Èkó sì ṣe òfin lórí àwọn ajàgùngbalẹ̀ ní 2016. Àwọn kan yóò sọ pé ìwọra ni ó bà á jẹ́. Ìwọra wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tí a bá ti kọ́ pé bí ìjọba bá dé, asán ni ilẹ̀ tí ó ń sinmi, kò ní jẹ́ kí ilẹ̀ kankan sinmi mọ́. Yóò tà á kí wọ́n tó dé.

Odò Ọyán ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ bí gbogbo èyí ti ń ṣẹ. Ní 1983 ni wọ́n parí ìsédò tí ó wà ní ìhà Abẹ́òkúta, èyí tí àjọ tí ń bójú tó agbami odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ń ṣàkóso. Omi fún Èkó àti Abẹ́òkúta ni olórí ohun tí a ṣe é fún, kò sì sí ẹni tí yóò sọ pé omi mímu kì í ṣe àǹfààní gbogbo ènìyàn. Adágún tí ó dúró sẹ́yìn rẹ̀ bo oko àti abúlé mọ́lẹ̀, a sì tún àwọn ará ibẹ̀ tẹ̀ dó sí ẹ̀bá omi náà. Àwọn oníṣègùn ti kọ̀wé púpọ̀ nípa àrùn ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ tí ó bá wọn níbẹ̀. Ọ̀kan nínú ibùdó tí ó wà lẹ́bàá adágún náà ń jẹ́ Abúlé Titun. Orúkọ yẹn tó kà. Abúlé wa a máa jẹ́ orúkọ ẹni tí ó tẹ̀ ẹ́ dó, tàbí igi tí ó bá níbẹ̀, tàbí ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ́nà. Orúkọ náà ni ìlà àkọ́kọ́ nínú ìtàn tí ọmọ rẹ̀ yóò pa níwájú adájọ́. Titun kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Alààyè ni ó kó lọ síbẹ̀ pẹ̀lú ẹrù rẹ̀. Òkú kò lè ṣí kúrò, abẹ́ omi ni ó wà.

Olùkọ́ tí ó bá fẹ́ lo ọ̀rọ̀ Elésì ní kíláàsì kẹ́kọ̀ọ́ mẹ́wàá lè kọ́kọ́ pa ti orúkọ ọnà èdè tì. Kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ lọ ilé, kí wọ́n bi àgbà kan léèrè bí a ti ń ka ẹbí tí ó ni ilẹ̀ ní ìlú wọn, ti bàbá nìkan ni tàbí ti bàbá àti ìyá, kí wọ́n sì kọ ìdáhùn náà ní Yorùbá tí àgbà ọ̀hún fi sọ ọ́. Lẹ́yìn náà kí ó fún wọn ní ìbéèrè kan: bí a bá gba oko ẹbí náà lónìí, ta ni nínú ìpín mẹ́ta ni orúkọ rẹ̀ yóò wà nínú ìwé owó, ta ni kò ní sí níbẹ̀, kí sì ni ìwọ yóò kọ síwájú orúkọ ẹni tí kò sí níbẹ̀ náà?